Ọdún Tí Bàbá Mi Ní Ká Máa Sọ̀rọ̀ Nídìí Oúnjẹ

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ẹnu tó bá ń jẹun kì í sọ̀rọ̀. Òfin Ìyá Àgbà ni, ìyá tó bí bàbá mi, kò sì sẹ́ni tó ń bá a jiyàn lórí ẹ̀. Bí a bá ti yí abọ́ ká lórí ẹní lẹ́yìn ìrun Mangaribi, ohun tí wàá máa gbọ́ kò ju ìró ọ̀fun lọ, àti ìró ṣíbí bí Màámi bá ń bu ọbẹ̀ kún ọbẹ̀. Ìta ló ń pariwo. Yàrá méjì la gbà nínú ilé olójúkojú kan ní Edjeba, nílùú Warri, àwọn tá a jọ ń gbébẹ̀ kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ jẹ́jẹ́. Rédíò onílé á máa ké lápá kan, ẹnìkan á máa bá ẹnìkan jà ní Píjìn lórí ta ló gbé garawa òun kúrò nídìí ẹ̀rọ omi, àwọn ọmọdé á máa sáré kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa, bí òjò bá sì dé, yóò máa lu páànù bí ẹni ń da òkúta sí i. Àwa tó wà nínú ilé, kẹ́kẹ́ pa. Bí ọ̀kan nínú wa bá fẹ́ lanu, Ìyá Àgbà á kàn gbójú sókè wò ó. Ìwò yẹn ti tó.

Lónìí, àwọn ọmọ ọmọ mi ń jẹun lọ́dọ̀ mi, ọwọ́ kan nínú abọ́, ọwọ́ kan lórí fóònù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí èmi ò rí. Bí mo bá bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, “Grandma, I dey hear you.” Wọ́n ń gbọ́ Yorùbá lóòótọ́, ẹnu wọn ni kò yí i. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bínú. Mo ti yéé bínú. Èmi náà, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, Píjìn ni mo fi ń lálàá. Apá Ìsẹ́yìn làwọn òbí mi ti wá, bàbá mi ń ta abọ́ tánganran àti ìkòkò lọ́jà, Màámi ń ta ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn, òórùn ọṣẹ náà ò sì kúrò nínú yàrá wa láàárọ̀ lálẹ́. Ṣùgbọ́n ìlú onílùú la wà, ìlú náà sì ti wọ abọ́ wa. Màámi ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ro sítáàṣì, òkèlè ẹ̀gẹ́ tiwọn, lọ́wọ́ ìyàwó onílé, ó sì ń se ọbẹ̀ ẹyìn tí wọ́n ń pè ní bàngà débi pé àwọn ọmọ ìlú náà ń tọ́ ọ wò. Ìyá Àgbà á mú òkèlè sítáàṣì lọ́wọ́, á fà á, kò ní já, á ní, “Ṣé oúnjẹ rèé àbí rọ́bà?” Kò sì sí ọjọ́ kan tó ṣẹ́ ẹ kù sínú abọ́.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, bàbá mi lọ síbi wáàsí tàfúsírù nínú oṣù ààwẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ kan bọ̀ láti ibẹ̀ tí kò fi í lọ́kàn balẹ̀. Kò sọ ohun tí Ààfáà wí gan-an fún wa. A kàn ń rí i tó ń mi orí fúnra rẹ̀ ni. Nígbà tí a jẹ ọdún ìtúnu tán, lálẹ́ ọjọ́ kan, ó fi omi ṣanwọ́, ó jókòó, ó ní, “Láti òní lọ, a ó máa sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Kálukú á máa sọ oore tó ṣe lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá fúnni ní nǹkan, kó wí. Bí ọmọ ò bá gbọ́ nípa oore nínú ilé, ṣé ìgboro Warri yìí ló fẹ́ ti kọ́ ọ?”

Ìyá Àgbà gbé òkèlè rẹ̀ dúró. Ó ní, “Wàídì, ẹnu tá a fi ń jẹun náà la ó wá fi máa ròyìn sàárà? Bí ọwọ́ ọ̀tún bá fúnni, ọwọ́ òsì ò gbọdọ̀ gbọ́.”

“Ìyá, ọmọdé ni wọ́n. Bí wọn ò bá gbọ́, wọn ò ní mọ̀ ọ́n ṣe.”

 Ìyá Àgbà gbé òkèlè rẹ̀ mì, ó wo àjà. Bàbá mi wá fi kún un pé ẹni tí oore rẹ̀ bá ta yọ lọ́jọ́ kan, ẹran tòun bàbá lòún máa fún un. Ibẹ̀ gan-an ló ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Kí Ọlọ́run forí jì í, èèyàn dáadáa ni bàbá mi, kò sì sí ohun tí kò lè bọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n bí o bá so ẹran mọ́ oore lójú ọmọdé, ẹran lò ń kọ́ ọ. Èmi náà ti tọ́ ọmọ márùn-ún, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí ọ̀rọ̀ fi di eré ìje. Ẹ̀gbọ́n mi Múfútàù, ọmọ ọdún méjìlá, tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni gbálẹ̀ rí, wá di olóore àdúgbò. Ó ń ṣọ́ àwọn arúgbó lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń ṣọ́ ẹran. Lọ́jọ́ kan, ó já ẹrù gbà lórí obìnrin kan lójú ọ̀nà ọjà, ó fẹ́ bá a rù ú. Obìnrin náà ò mọ̀ pé olóore lòún pàdé. Ó figbe ta, “Thief! Una hold am!” Wọ́n ti fọ́ Múfútàù létí méjì kí ẹnìkan tó dá a mọ̀ pé ọmọ oníṣòwò abọ́ ni. Lálẹ́, nígbà tó kàn án, ojú ẹ̀ ṣì wú. Ó ní, “Mo bá ìyá kan ru ẹrù.” Bàbá mi ní, “Ìyá náà dé ibi tó ń lọ?” Ó ní, “Kò dé.” Màámi rẹ́rìn-ín títí ata fi sá sí i lọ́fun, Ìyá Àgbà pàápàá gbé ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu. Bàbá mi fún un lẹ́ran lọ́jọ́ náà, ó ní wọ́n ti lù ú tó.

Èmi ni mi ò rí nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Kí lọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní? Mo fún adìyẹ onílé ní ìrẹsì, bàbá mi ní adìyẹ kì í ṣe èèyàn. Mo fún ọ̀rẹ́ mi ní súìtì tó kù lẹ́nu mi, Ìyá Àgbà ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí òun tún gbọ́ irú ẹ̀. Mo parọ́ lẹ́ẹ̀mejì, Múfútàù sì tú mi fó lẹ́ẹ̀mejèèjì. Á wá máa jẹ ẹran Bàbá díẹ̀díẹ̀ níwájú mi, á ní, “Àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní.” Òwe tó gbọ́ lẹ́nu Ìyá Àgbà ló ń sọ lù mí yẹn. Ó dùn mí. Mo lè sọ ọ́ báyìí pé kì í ṣe ẹran ló ń dùn mí, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí bàbá mi wò mí bó ṣe ń wo Múfútàù.

Ọ̀rẹ́ mi tí mo fún ní súìtì yẹn, Ìbùkún lorúkọ ẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni. Yàrá tó kọjú sí tiwa ni òun àti ìyá ẹ̀ ń gbé, àwọn méjì péré. Ubeji ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, létí omi, kí bàbá ẹ̀ tó kú. Ìyá ẹ̀ ló mú un wá sí Edjeba, tó ń yan ẹja lẹ́yìn ilé. Yorùbá tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Bí Ìyá Ìbùkún bá ń yára sọ̀rọ̀, ìdajì ni mò ń gbọ́, ìdajì yòókù mo ń fojú wò ó lójú ẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, láìwọ bàtà, a sì máa ń gbọ́ agogo wọn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ìjọ náà fẹ́ ṣe ìrìbọmi fún àwọn ọmọdé, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló sì gbọ́dọ̀ wọ aṣọ funfun tuntun. Èyí tí Ìbùkún ní ti kéré, èéfín ẹja sì ti sọ ọ́ di pípọ́n bí eyín arúgbó. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sọ fún mi pé, “My mama say make I wait till another year.” Kò sunkún. Ìbùkún kì í sunkún, láti ọjọ́ tí bàbá ẹ̀ ti kú ni ìyá ẹ̀ ti sọ fún un pé ẹkún ti tó nílé àwọn.

Mo mọ ibi tí aṣọ funfun wà. Ìyá Àgbà ní àpótí páànù kan lábẹ́ ibùsùn, aṣọ tó wà nínú ẹ̀ la ń pè ní aṣọ Mẹ́kà. Ọdọọdún ló ń gbé e jáde, á tẹ́ ẹ sóòrùn, á ká a, á fi àwọn róbótó funfun tó ń lé kòkòrò sí i, á gbé e padà. Àgbàlagbà Mùsùlùmí tó bá ń ka ìtàn yìí ti mọ irú aṣọ tí mò ń wí. Wọ́n á rà á ní Mẹ́kà, wọ́n á fi omi mímọ́ Sámúsámù fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e wálé, kó lè jẹ́ òun ni wọ́n á fi dì wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá kú. Ṣùgbọ́n a kì í dárúkọ ikú lójú ọmọdé nílé wa, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún mi. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé kò wọ̀ ọ́ rí. Mo wá fi ọgbọ́n orí ara mi rò ó pé ohun téèyàn kì í wọ̀, kò fẹ́ ẹ ni.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, nígbà tí Ìyá Àgbà lọ sí àsálátù, mo fa àpótí jáde, mo kó aṣọ náà sínú yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé mi, mo rékọjá sọ́dọ̀ Ìyá Ìbùkún. Ó ń to ẹja sórí àjà ìyanja. Ó nuwọ́ lára ìró ẹ̀, ó nù ún lẹ́ẹ̀kejì, kó tó fọwọ́ kan aṣọ náà. Ó ní, “Ta ló ní kó o gbé e wá?”

Mo ní, “Ìyá Àgbà ni. Wọ́n ní kẹ́ ẹ fi rán aṣọ fún Ìbùkún. Wọ́n ní kẹ́ ẹ má wá dúpẹ́, pé bí ọwọ́ ọ̀tún bá fúnni, ọwọ́ òsì ò gbọdọ̀ gbọ́.”

Ẹ ò rí ọmọ burúkú. Bí mo bá rántí irọ́ yẹn, bó ṣe tò geere lẹ́nu mi, ara mi ṣì máa ń bù máṣọ. Ìyá Ìbùkún kúnlẹ̀ síbẹ̀, nínú eérú, ó kọjú sí yàrá wa, ó ń ṣàdúrà fún Ìyá Àgbà ní Ìlàjẹ. Èmi ń ṣe “àmín” sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ nídìí abọ́ pé mo fún Ìbùkún láṣọ. Bàbá mi ní, “Aṣọ wo?” Mo ní, “Ọ̀kan tá a kì í wọ̀.” Màámi rò pé ìkan nínú àwọn tó ti kéré sí mi ni, ó ní mo gbìyànjú. Bàbá mi fi ẹran ẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó wò mí bí mo ṣe fẹ́ kó wò mí. Mo fẹ́ sọ fún yín pé ẹran náà há mi lọ́fun, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ó dùn. Mo lá ìka. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Ìbùkún jáde nínú aṣọ funfun gbọọrọ tó wólẹ̀, pẹ̀lú ìbòrí, ó ń rìn rọra kó má baà tẹ ẹ́. Ẹwà ọmọ náà pọ̀. Inú mi dùn débi pé mo sin wọ́n dé títì.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà tí ibà fi dá Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀. A kọ́kọ́ rò pé ó máa lọ bí ti àtẹ̀yìnwá. Nọ́ọ̀sì kan wá gún un lábẹ́rẹ́, Màámi se àgbo, kò lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, kò lè dìde kírun mọ́, ó ń fi orí kí i. Ó pe Màámi, ó ní kó gbé àpótí òun jáde, kó tẹ́ aṣọ òun sí afẹ́fẹ́. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Màámi ṣí àpótí, ó wo inú ẹ̀, ó gbọn ọwọ́ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni pé aṣọ ọ̀pá mélòó kan lè fara pamọ́ sí igun. Àwọn róbótó funfun yẹn nìkan ló ń yí gbirigbiri nínú ẹ̀. Bàbá mi wọlé. Ìyá Àgbà wò ó, ó ní, “Wàídì, aṣọ òkú mi ti lọ. Kí lẹ fẹ́ fi sin mí?”

Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn. Mo fara ti ògiri. Mo rò ó pé èmi ni mo fa àìsàn náà, pé ikú ti wá mú Ìyá Àgbà, kò wá bá ohun tó fẹ́ fi dì í, ó ń dúró. Mo sá lọ sẹ́yìn ilé. Aṣọ Ìbùkún wà lórí okùn, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Mo wo apá ẹ̀, mo wo ọrùn ẹ̀ tí wọ́n gé rébété, mo mọ̀ pé kò lè padà di odindi mọ́ láéláé.

Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, ilé wa kò ṣeé gbé. Ìyá Àgbà kọjú sí ògiri, kò jẹ, kò fẹ́ mu. Ohun kan ṣoṣo tó ń wí ni pé kí ẹni tó mú un gbé e padà síbi tó ti mú un, òun ò ní bi í léèrè. Bàbá mi pe Màámi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ: “Ìwọ lò ń gbá yàrá yẹn. Ta lò ń jẹ́ kó wọbẹ̀?”  Màámi lọ jókòó sídìí ọṣẹ ẹ̀, ó ń bù ú sínú ewé, omi ń dà lójú ẹ̀, kò nù ún. Ọdún mẹ́tàlá ló fi ń tọ́jú ìyá ọkọ ẹ̀ bí ẹni tọ́jú ìyá tó bí i lọ́mọ. Mo dúró níwájú ẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́.  Mo bi í bóyá kí n bá a di ewé, ó ní kí n máa lọ ṣeré.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, a jókòó yí abọ́ ká. Àyè Ìyá Àgbà ṣófo lórí ẹní, ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀ ṣí, a ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó yẹ kí bàbá mi dákẹ́, ṣùgbọ́n àṣà ti mọ́ ọn lára, àbí bóyá kò fẹ́ gbọ́ mímí yẹn. Ó bi Múfútàù léèrè oore tó ṣe. Múfútàù ní òun fún Ìyá Àgbà lómi, kò gbà á. Ó kàn mí. Bàbá mi ò tiẹ̀ wò mí, ó ní, “Sìdíkátù, kí lo fún èèyàn lónìí?”

Mo ní, “Èmi ni mo mú aṣọ Ìyá Àgbà. Mo fún Ìbùkún. Wọ́n ti fi rán aṣọ.”

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Màámi. Ó ní, “O sì ń wò mí lójú fún ọjọ́ méjì yìí.” Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì tíì sẹ́ni tó na mí tó dùn mí tó ìyẹn láyé mi. Bàbá mi ti dìde, ọwọ́ ẹ̀ ti wà lókè. Ohùn kan ti inú yàrá jáde, tín-ín-rín, “Wàídì, jókòó.” Lẹ́yìn náà, “Ẹ pè wọ́n wá. Kí ọmọ náà wọ aṣọ náà wá.”

Ìyá Ìbùkún fa ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ wọlé, ẹja yíyan mẹ́ta lórí àwo, ó rò pé wọ́n ti gba òun láyè láti wá dúpẹ́ níkẹyìn. Bàbá mi ṣàlàyé fún un. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú obìnrin náà ń yí padà. Ó gbé àwo sílẹ̀, ó di ọrùn aṣọ náà mú, ó fẹ́ bọ́ ọ lọ́rùn ọmọ. Ó ń wí pé, “Aṣọ òkú ni mo wọ̀ fún ọmọ mi? Aṣọ òkú ni wọ́n fi rì í bọmi? Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní?” Kò rí bọ́tìnì tú. Ìbùkún dúró gbọnin, kò sunkún, ṣùgbọ́n ètè ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rí i nígbà yẹn pé kì í ṣe ilé wa nìkan ni mo dàrú.

Ìyá Àgbà ní, “Fọmọ sílẹ̀.” Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara ẹ̀ dìde, Màámi sáré gbé ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn. “Òkú wo ló wọ̀ ọ́? Èmi tí mo rà á, ṣé mo ti kú ni? Kò sí òkú tó fara kàn án rí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ aṣọ ló laṣọ, ọmọ yìí ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, aṣọ ọmọ ni. Omi Sámúsámù ni mo fi fọ̀ ọ́, kò sí ibi lára ẹ̀. Wá, ọmọ mi. Yí, jẹ́ n rẹ́yìn ẹ̀.”

Ìbùkún yí. Ìyá Àgbà na ọwọ́, ó fi ìka méjì mú etí aṣọ náà, ó yẹ ojú abẹ́rẹ́ ẹ̀ wò. Ó ní, “Ẹni tó rán an mọ̀ ọ́n rán. Ọrùn ẹ̀ ló fẹ̀ díẹ̀.” Ìbùkún ní, “Thank you, ma.” Ìyá Àgbà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹni tó ń ṣàìsàn, kò ní agbára, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni. Ó gbé orí lé ìrọ̀rí, ó mí kanlẹ̀, ó sọ ohun tí bàbá mi ń rántí títí tó fi kú. Ó ní kì í ṣe aṣọ ló fẹ́ pa òun. Ohun tó fẹ́ pa òun ni pé òun ò mọ ọwọ́ tó wà. Òun rò pé ẹni tó fẹ́ ikú òun ló gbé e, tó ń fi ṣe nǹkan ní kọ̀rọ̀ kan. “Ọjọ́ méjì ni mo fi ń ka ọ̀tá mi, mi ò rí ẹni tí mo ṣẹ̀. Àṣé ọrùn ọmọdé ló wà.” Ó ní, “Kẹ́ ẹ sì gbọ́, láti ọjọ́ tí mo ti gbé aṣọ yẹn sábẹ́ ibùsùn, mi ò sùn àsùngbádùn lórí ẹ̀ rí. Báwo lèèyàn ṣe máa sùn, tó bá ti mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀?”

Bàbá mi, tó máa ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan ní ètò, bi í pé, “Ìyá, kí la ó wá ṣe bí ọjọ́ náà bá dé?”

Ó ní, “Òkú kì í ra aṣọ fún ara ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá kù láyé ni kẹ́ ẹ wá a. Ẹ bu oúnjẹ fún mi.”

Áà, ara tù mí. Mo ti jẹ oríṣiríṣi nǹkan láyé, mi ò tíì jẹ ohun tó dùn tó sítáàṣì tí mo jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tí omijé ń kán sínú ẹ̀. Gbogbo wa la jẹun nínú yàrá Ìyá Àgbà, Ìyá Ìbùkún ń bá a yọ egungun kúrò lára ẹja, bàbá mi ń bẹ Màámi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lápá kan, Màámi sì ń jẹ́ kó bẹ òun dáadáa kó tó gbà. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo lọ lọ́fẹ̀ẹ́ o. Màámi nà mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó nà mí fún aṣọ, ó sì nà mí lọ́tọ̀ fún irọ́ tí mo fi ẹnu Ìyá Àgbà pa.

Kí wọ́n tó kó abọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà yí òfin bàbá mi padà. Ó ní a lè máa sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, òun ti gbà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ ohun tó fúnni mọ́. Kí kálukú máa sọ ohun tí wọ́n fún un. Ó ní òun ló máa bẹ̀rẹ̀. “Lónìí, Ìyá Ìbùkún fún mi lẹ́ja. Ìyàwó mi fún mi nírọ̀rí. Sìdí fún mi ní òótọ́. Ó pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé.” Ó yí ojú sí Múfútàù, Múfútàù wá ronú títí, ó ní lọ́jọ́ ẹrù yẹn, wọ́n fún òun ní ìfọ́tí méjì. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹran tó so mọ́ ọn, irọ́ sì dín kù nílé wa, nítorí ẹni tó bá fẹ́ ròyìn ohun tí wọ́n fún un gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo àwọn èèyàn tó wà láyìíká ẹ̀. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé ìyàwó onílé tó máa ń pariwo mọ́ wa ló ń pọn omi sínú garawa Màámi láàárọ̀ bí oorun bá gbé Màámi lọ.

Ìyá Àgbà dìde lórí àìsàn yẹn, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i, ó rí ìgbà tí mo lọ sílé ọkọ. Nígbà tó kú, bàbá mi jáde lọ sọ́jà láàárọ̀, ó ra aṣọ funfun bí ẹni ra aṣọ, ó gbé e wálé. Ó tó dì í. Kò sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó.

Lọ́dún tí àwọn ọmọ mi rán èmi náà lọ sí Mẹ́kà, gbogbo àwọn tá a jọ lọ ló ń ra aṣọ, wọ́n ń fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n ń ká a. Obìnrin tá a jọ sùn ní yàrá bi mí níbo ni tèmi wà. Mo ní mi ò rà. Mo ra èso dàbínù, mo ra bàtà fún àwọn ọmọ ọmọ mi. Nígbà tí mo délé, àkọ́bí mi obìnrin tú àpótí mi títí, ó tú u tán, ó tún un tú, ó wá jókòó tì mí, ó rọ ohùn ẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Mama, that white cloth nko? Who go come buy am?”

Mo ní, “Ìwọ ni. Gbé oúnjẹ mi wá.”